Sí àbúrò wa tí oúnjẹ kì í wọ̀ lára ní Àbújá

Àbúrò mi, o ní láti ìgbà tí iṣẹ́ ti gbé ọ dé Àbújá, oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lára mọ́, o sì ń bèèrè ohun tó o lè jẹ tó o bá ti Wuse dé Kubwa lálẹ́, kí ara rẹ lè balẹ̀. Ó ṣe mí rí.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ti Mararaba lọ Garki. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mò ń jí, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya. Búrẹ́dì ni mò ń jẹ nínú mọ́tò, ojú mi á wà lára aago. Lọ́sàn-án, ìrẹsì inú ọ̀rá, lórí ìdúró. Lálẹ́, indomie. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, oorun dá lójú mi. Mo lọ rí dókítà. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi tò, kò fi ìṣẹ́jú mẹ́ta gbọ́ tèmi. Ó ní kí n yé jẹ ata, kí n yé ronú. Kí n yé ronú! Èmi tí akọ̀wé kan jókòó lé fáìlì mi, tí n ò rí owó oṣù gbà fún oṣù mẹ́rin! Kò tiẹ̀ bi mí bóyá mò ń jókòó jẹun.

Ìyá àgbà kan nínú ilé tá a jọ háyà, ará Ṣakí, ló gbà mí. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó bá mi níbi tí mo ti ń jẹ indomie lẹ́nu ọ̀nà, ó gba abọ́ náà, ó sì kó ewédú lé mi lọ́wọ́. A jókòó sórí àpótí, à ń já ewé rẹ̀ ní méjì mẹ́ta, kò bi mí ní nǹkan kan. Nígbà tí ìjábẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ìkòkò, àfi bíi pé mo wà nílé ìyá mi. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sùn mọ́jú.

Àmàlà rírò, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa, "ayoyo" ni kó o pe ewédú, "kanwa" ni káún. Má fi káún pọ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra fún èlùbọ́ o! Wọ́n ti ta oníyanrìn fún mi rí, tọ́ ọ wò kó o tó sanwó. Ẹ̀wà gbẹ̀gìrì tó bá ń rùn bí oògùn kòkòrò, sá fún un, bó ti wù kó pọ́n tó.

Áà, alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ lo bèèrè. Po ẹ̀kọ gbígbóná, kó o ra kosai lẹ́bàá ọ̀nà, àkàrà wa náà ni. Pa fóònù, kó o jókòó. Tó bá wá di Sátidé, ra ewédú tó ṣì wà lára igi rẹ̀, má ra èyí tí wọ́n ti já sílẹ̀.