Bíréékà tó ń já ní ìdájí: ta ló ń fà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá oníná. Kubwa ní Abuja là ń gbé, nínú ilé oníyàrá mẹ́ta. Láti bí oṣù méjì ni bíréékà ńlá inú bọ́ọ̀dì wa ti ń já, èyí tó ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ T sí lára. Ìdájí ló sábà máa ń já, nígbà tí a bá tan hítà omi ìwẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ìwé, àmọ́ kì í ṣe ojoojúmọ́. Bí òjò bá sì rọ̀ lóru, ó lè já láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan kan. Bàbá àwọn ọmọ ní ẹrù ló pọ̀ jù. Oníṣẹ́ iná tí a pè ti pààrọ̀ bíréékà náà, kò yí padà. Ó wá ní kí a yọ ọ́ kúrò, kí a fi èyí tí kò ní T sí i. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìdààmú, ìyá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó yọ ọ́ o. Òun ló dúró láàárín iná àti ara àwọn ọmọ yẹn nínú balùwẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bàbá àwọn ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdànù, ṣùgbọ́n ibòmíràn ló yẹ kí ó ti hàn. Hítà 3000 wáàtì ń fa nǹkan bí áńpù 13 lórí iná 230 fóòtì. Kẹ́tùlù tí a fi ń se omi, 2000 wáàtì, ń fa bí 9, áyọ́ọ̀nù ń fa bí 5. Bí ìwọ̀nyí bá pọ̀ jù fún wáyà tó gbé wọn, àwọn bíréékà kéékèèké tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ni yóò já. Wọ́n sì sábà máa ń gba ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n tó já, ẹ ó sì bá wọn ní gbígbóná. Ẹ̀yin kò sọ pé ìkankan nínú wọn já.

Èyí tó ní T kì í wo bí ẹrù ṣe pọ̀ tó. Bí akápò ló ṣe ń ṣe: ó ń ka iná tó gba wáyà láìfù, èyí tó ń gbé iná wá, jáde, ó sì ń ka èyí tó gba nútírà, wáyà tó ń dá iná padà, padà wá. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, iná kan ń yà bá ibòmíràn lọ nìyẹn, bóyá sínú ilẹ̀, bóyá sára ògiri tó tutù, bóyá sára ènìyàn. Èyí tí a ń lò nílé sábà máa ń jẹ́ ti 30 mílíáńpù (ẹgbẹ̀rún mílíáńpù ló wà nínú áńpù kan), iná tí gílóòbù wáàtì 7 péré ń jẹ. Ẹ má fojú kéré rẹ̀: bí ìyẹn bá gba àyà ènìyàn kọjá tó sì pẹ́ díẹ̀, ẹ̀mí lè bá a lọ.

Wàyí o, kì í dúró de 30 gẹ́lẹ́. Ó lè já ní 20 tàbí kó dín sí i. Ibi tí mo fura sí nìyí, nítorí ẹ ní kì í ṣe ojoojúmọ́. Ó jọ pé jíjò náà ju ibì kan lọ. Kí a sọ pé hítà tó ti pẹ́ ń jò mílíáńpù 12, kí iná ìta tí omi wọ̀ máa jò 10. Bí hítà bá dá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ilẹ̀ gbẹ, bíréékà á gbà á mọ́ra. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, tí ẹ wá tan hítà, àwọn méjèèjì á para pọ̀, ó di kí ilé ṣókùnkùn. Ìdí nìyẹn tí pípààrọ̀ bíréékà kò fi ran yín lọ́wọ́.

Bí ẹ ó ṣe wá a nìyí. Ẹ dúró di òwúrọ̀ tí òjò rọ̀ mọ́jú. Ẹ yọ gbogbo pílọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Mo ní kí ẹ yọ wọ́n o, kì í ṣe kí ẹ kàn pa súìṣì, nítorí súìṣì ara sọ́kẹ́ẹ̀tì sábà máa ń gé láìfù nìkan, nútírà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fa gbogbo bíréékà kéékèèké wálẹ̀, kí ẹ wá gbé èyí tó ní T sókè. Bí ó bá dúró, ẹ máa gbé àwọn kéékèèké sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sinmi díẹ̀ láàárín wọn. Èyí tí ẹ bá gbé sókè tí T fi já, ọ̀nà tirẹ̀ ni kí ẹ tọ̀. Bí gbogbo wọn bá gòkè tí kò já, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ti pílọ́ọ̀gì padà, hítà ni kí ó kẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n bí T bá já nígbà tí gbogbo kéékèèké ṣì wà nílẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn máa ń da ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná lórí rú. Bíréékà kékeré kì í gé nútírà, nítorí náà nútírà tó bá kan wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, níbì kan lè já T wálẹ̀. Ṣé ẹ gbé ínfátà wọlé láàárín oṣù méjì yẹn? Bí ẹni tó so ó bá da nútírà ínfátà pọ̀ mọ́ ti ilé, ìṣirò kò ní bára mu láéláé.

Ní ti òjò, ibi ẹnu géètì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kí oníṣẹ́ iná pa méènì, kí ó ṣí iná tó wà lórí ògiri mẹ́gáàdì. Bí ó bá ti bà jẹ́, ẹ ó rí i: omi tó sẹ̀ sínú gíláàsì, eèrà, bàbà ojú wáyà tó ti di aláwọ̀ ewé, téèpù dúdú tó ti ń ṣí. Ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó wà ní gbangba rárá, inú àpótí tí omi kò lè wọ̀ ló yẹ kó wà. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ mẹ́gáàdì bóyá ó ń fi irin oníná tí wọ́n ń kì bọ inú báàkẹ́tì se omi lóru láti ara wáyà ẹ̀sìténṣọ̀n yín. Èmi kì í fẹ́ràn irin yẹn rárá.

Oníṣẹ́ iná tí ẹ máa pè, kí ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní megger, èyí tó ń wọn bí rọ́bà ara wáyà ṣe ń dí iná lọ́nà tó. Yóò fi 500 fóòtì dán wáyà kọ̀ọ̀kan wò, lẹ́yìn tó bá ti yọ gbogbo ohun èlò kúrò. Èyí tí kò bá tó 1 mẹ́gọ̀ọ̀mù, òṣùwọ̀n tí ẹ̀rọ náà ń kà, aláìsàn ni. Ẹni tó bá gbé tẹ́sítà onísíkúrúdíráfà nìkan wá, àbá ló wá dá.

Kí ó sì wo ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì yín. Ilẹ̀ Abuja kún fún àpáta, mo ti rí ilé tí wọ́n ti gé ọ̀pá náà sí ìdajì nítorí kò wọlẹ̀ mọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, irú ọ̀pá kúkurú bẹ́ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ẹ̀rọ omi balùwẹ̀ ń gbé òun, kódà bí ó ṣe fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ pa hítà náà lójú ẹsẹ̀, kí àwọn ọmọ máa fi omi orí gáàsì wẹ̀ títí wọn yóò fi pààrọ̀ irin inú rẹ̀. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ máa tẹ bọ́tìnnì T yẹn lóṣooṣù nígbà tí iná bá wà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí kò já, ìgbà yẹn gan-an ló tó pààrọ̀.