Ohun tí ẹfun kò lè fi hàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá ó tọ́ kí ẹni tí ó wà lẹ́nu TP (iṣẹ́ olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́) fi íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ àwọn ọmọ nípa iná mànàmáná lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, nígbà tí iná kì í dúró ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n pín yín sí, ìbéèrè yín kàn mí gan-an, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba TP tèmi jẹ́ ní ọdún tí mo ń parí NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́.

N kò fẹ́ràn ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ pa ní oṣù Kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn kòrónà, mo rí bí àbúrò mi ṣe ń da fọ́tò ìwé tí olùkọ́ rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kọ, láìsí ẹnikẹ́ni tí ó bi í bóyá ó yé e, mo sì gbà pé gbogbo ohun tí ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ nìyẹn.

JSS 2 ni wọ́n fún mi, ọmọ 43, ní ìlú kan nítòsí Ìsẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò, mo fẹ́ ṣí fídíò lórí fóònù mi níwájú wọn. Nẹ́tíwọọ̀kì kò wọlé, ìṣẹ́jú 15 nínú 40 tí a ní sì ti lọ kí ó tó ṣí, síbẹ̀ àwọn tí ó wà lẹ́yìn kò rí nǹkan kan. Ìyá olùkọ́ tí wọ́n ni kíláàsì náà kò bá mi wí. Wọ́n kàn béèrè pé, “Kí ni fídíò yẹn fẹ́ ṣe tí ẹfun kò lè ṣe?” N kò rí èsì fún wọn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo rí i. Mò ń kọ́ wọn pé ohun kan náà ni omi dídì, omi àti ooru omi. Mo fi ẹfun to àwọn ẹ̀rún tín-tìn-tín inú omi dídì sójú pátákó, àwọn ọmọ sì dà á kọ dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè bóyá àwọn ẹ̀rún náà ń mira, gbogbo wọn ní rárá, wọ́n dúró pa ni. Àwòrán mi ni ó kọ́ wọn ní àṣìṣe yẹn, torí pé ohun tí a fi ẹfun yà kì í mira.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo gba ìkan nínú àwọn àwòrán PhET sílẹ̀, àwòrán orí kọ̀ǹpútà tí ó ń mira, tí ọmọ sì lè fọwọ́ ara rẹ̀ yí padà, èyí tí Yunifásítì Colorado ní Boulder, ní Amẹ́ríkà, ń ṣe láti ọdún 2002, tí ó sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí ẹ bá ti gbà á sílẹ̀, kò nílò nẹ́tíwọọ̀kì mọ́. Mo yá kọ̀ǹpútà alágbèéká, mo gba iná sí i kún, mo sì ní kí àwọn ọmọ máa wá ní méje-méje, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ọmọbìnrin kan pariwo pé, “Àǹtí, wọn ò dúró! Wọ́n ń gbọ̀n!” Ìjiyàn bẹ́ sílẹ̀, ìjiyàn gidi lórí ẹ̀kọ́, èyí tí n kò tíì gbọ́ rí ní kíláàsì náà. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi ti yí padà.

Ohun kan ṣì ń dùn mí. Mo fi iṣẹ́ àṣetiléwá tí ó ní máàkì sórí WhatsApp, láìmọ̀ pé ọmọ 11 ni kò ní fóònù bẹ́ẹ̀ nílé. Ẹ má ṣe é. Ohùn tí mo gbà sílẹ̀ ni mo wá ń fi ránṣẹ́, torí kì í jẹ dátà púpọ̀, ohun kan náà ni mo sì ń kọ sójú pátákó láàárọ̀.

Ní ti iná mànàmáná tiyín, ẹ kọ́kọ́ ra bátìrì, wáyà àti gílóòbù tọ́ọ̀ṣì, kí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn tan án. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣí Circuit Construction Kit: DC ti PhET, níbi tí wọ́n ti lè so bátìrì, wáyà àti gílóòbù pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, nítorí pé òun ni yóò fi ohun tí ń rìn nínú wáyà hàn wọ́n, èyí tí ojú kò lè rí. Ẹ gbà á sílẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, ẹ pa dátà, kí ẹ sì ṣí i wò nílé bóyá ó ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó gbé e lọ.