Wọn yàrá ẹ kóo tó ra mọ́nítọ̀ o

Àbúrò mi tó béèrè pé mọ́nítọ̀, ìyẹn sípíkà tí a fi ń ṣe orin ní stúdíò, oníínṣì 8 àbí oníínṣì 5 (ìwọ̀n wúfà ẹ̀, ẹnu ńlá tó ń gbé béèsì jáde) lòun máa rà sí yàrá òun ní Àpẹ́tẹ̀ n'Ìbàdàn, pé yàrá náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 níbùú, 12 lóòró, orin ṣọ́ọ̀ṣì àti fújì lòun ń mix níbẹ̀ (ìyẹn kéèyàn pa ohùn àti ìlù pọ̀ kó dọ́gba), òun fẹ́ èyí tó péye, òun sì tún fẹ́ máa fi gbọ́ orin lálẹ́ tíṣẹ́ bá tán, ìbéèrè yẹn kàn mí gan-an torí irú yàrá bẹ́ẹ̀ náà ni mo ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ mi látọjọ́ tó ti pẹ́. Oníínṣì 5 ni kóo rà. Mo mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún ẹ pé ti 8 ló lágbára, òun ni wàá fi gbọ́ béèsì dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ò bi ẹ́ bí yàrá ẹ ṣe tó. Sípíkà tó dáa ni ti 8 o, yàrá yẹn ni ò ní lè gbà á.

Béèsì gùn, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìró máa ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tóo bá wá pín in sí 50, ìyẹn 50 Hz (ìgbì 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) tó jẹ́ ìsàlẹ̀ kíìkì, ìlù ńlá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ lù, wàá rí i pé ìgbì kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 7, bẹ́ẹ̀ yàrá ẹ ò gùn tó mítà 4. Kò ríbi nà sí. Á lọ gbá ògiri, á padà, á pàdé èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ibi tí wọ́n bá ti ran ara wọn lọ́wọ́ béèsì á wú, ibi tí wọ́n bá ti pa ara wọn béèsì á dàwátì, kóo kàn sún àga sẹ́yìn díẹ̀ báyìí, orin ti yí padà. Nínú yàrá tìẹ, èyí tó ń ti ògiri iwájú lọ sí ti ẹ̀yìn máa wú ní nǹkan bíi 47 Hz, ti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ á wú ní nǹkan bíi 56, ibẹ̀ sì ni kíìkì àti béèsì gìtá ń gbé. Àní o tiẹ̀ ṣoríire, torí yàrá 10 sí 10 burú jùyẹn lọ, méjèèjì á gun orí ara wọn ní 56.

Wàyí o, wo ìwé tó máa ń bá mọ́nítọ̀ Yamaha HS wá. HS5, oníínṣì 5, bẹ̀rẹ̀ láti 54 Hz, HS8, oníínṣì 8, láti 38. Ṣé o rí i pé HS8 á kàn máa da béèsì sí ibi tí yàrá ẹ ti ń wú tẹ́lẹ̀ ni. HS5 náà á kan 56 yẹn, àmọ́ ohùn ẹ̀ ti ń wálẹ̀ níbẹ̀, kò ní lágbára tó láti da yàrá rú.

Ohun tó jẹ́ kó dá mi lójú nìyí. Mọ́nítọ̀ kan náà ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Òkè-Àdó, òun náà ni mo kó lọ sí Òrógún nígbà tí mo kó kúrò. Ní Òkè-Àdó, igun yàrá ni tábìlì wà torí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ò jẹ́ kó ṣeé gbé síbòmíì, kíìkì máa ń dún gbì-gbì níbẹ̀ débi pé ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síbẹ̀ ló máa fà á wálẹ̀, ẹni tó gbé iṣẹ́ wá á gba orin ẹ̀ lọ tayọ̀tayọ̀, á gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ Máíkírà, á wá pè pé kíìkì dà. Nígbà tí a dé Òrógún, tábìlì wá wà láàárín ògiri kúkurú, a ò fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan lára sípíkà, orin kan náà, kíìkì jókòó síbi tó yẹ kó wà. Owó mọ́nítọ̀ tuntun ti wà nílẹ̀ nígbà yẹn o, gbogbo èèyàn ló ń sọ pé kí n lọ ra ńlá, pákó àti aṣọ ni mo fi rà, màá dé ibẹ̀.

Tó bá sì jẹ́ fújì lò ń ṣe, ọ̀rọ̀ yìí kàn ẹ́ ju ẹni tó ń ṣe hip-hop lọ, torí ìlù tiwa ń sọ̀rọ̀. Gbé fújì tàbí àwúrèbe kan tí gángan ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa sí i, kóo fetí sí ìlù yẹn nìkan. Onílù ń lo dò, ó ń lo re, ó ń lo mí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń para pọ̀ di ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́. Tí yàrá bá gbé dò sókè ju àwọn tó kù lọ, wàá fi EQ, ohun tó ń gé ohùn tàbí tó ń bu kún un, gé e, tórin bá wá jáde síta dò á ti rì. Tí yàrá bá gbé dò mì, wàá bu kún un, ìlù á wá máa bo olórin mọ́lẹ̀. Mo jókòó ti onílù àgbà kan nígbà kan tó ń gbọ́ mix iṣẹ́ ara ẹ̀, bàbá yẹn dá orin dúró, wọ́n ní "ohun tí mo wí kọ́ nìyí." Kò sẹ́ni tó gé nǹkankan kúrò nínú ohun tí wọ́n lù o. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ò jáde, gbólóhùn sì ti bàjẹ́. Látìgbà yẹn ni mi ò ti fi ibi tí sípíkà dúró sí ṣeré mọ́.

Ìdí tí irú ẹ̀ fi máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé béèsì ń jáde lọ sẹ́yìn sípíkà náà, ó ń gbá ògiri ẹ̀yìn ẹ̀ padà wá. Tí ojú sípíkà bá fi sẹ̀ǹtímítà 60 jìnnà sí ògiri yẹn, ihò kan, ibi tí ohùn ti dàwátì, á dá sínú orin ní nǹkan bíi 143 Hz, àárín ibi tí ìlù ti ń sọ̀rọ̀ gan-an. Nínú yàrá kékeré, sún un mọ́ ògiri, kó kù bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan kí ihò ẹ̀yìn ẹ̀ lè mí, ihò inú orin á sún lọ sókè, síbi tí aṣọ àti fóòmù ti lè gbà á mú. Béèsì máa pọ̀ sí i o tóo bá ti sún un mọ́ ògiri, ìyẹn ni wọ́n ṣe fi ROOM CONTROL, bọ́tìnnì tó ń dín béèsì kù, sẹ́yìn HS, gbé e sí -2, tó bá ṣì pọ̀, -4. Àwọn mọ́nítọ̀ míì náà ní irú ẹ̀. Kọjú tábìlì sí ògiri kúkurú, kí sípíkà méjèèjì àti orí ẹ jẹ́ igun mẹ́ta tó dọ́gba, bíi mítà kan sí ara wọn, kí tuwítà, ẹnu kékeré tó ń gbé òkè orin jáde, sì bá etí ẹ dọ́gba. Má gbé e sí igun yàrá láéláé.

Ògiri ńkọ́? Kíréètì ẹyin tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri káàkiri ìlú yìí ò ṣe nǹkankan sí béèsì. Fóòmù tín-ín-rín náà ò ṣe é, òkè orin nìkan ló ń jẹ, á wá ku béèsì tó ń hó nínú yàrá tó dákẹ́. Lọ sí ìsọ̀ pákó ní Bódìjà, kí kápẹ́ńtà kan férémù tó jìn tó ínṣì 4 ó kéré tán, ki rockwool (òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe) sínú ẹ̀ tóo bá rí i, tóo ò bá rí i, tówẹ̀lì àti aṣọ òkìrìkà tó ti gbó, tóo ká dáadáa tó kún dẹ́nú, máa ṣiṣẹ́ ju bóo ṣe rò lọ. Fi aṣọ tí èémí lè gbà kọjá bò ó, gbé e sẹ́nu, fẹ́ atẹ́gùn sí i, tí kò bá kọjá má lò ó. Ti igun yàrá ni kóo kọ́kọ́ ṣe. Lẹ́yìn náà, jókòó sáyè ẹ, jẹ́ kí ẹnìkan máa fa dígí lọ lára ògiri ẹ̀gbẹ́, ibi tóo bá ti rí tuwítà nínú dígí, ibẹ̀ ni kóo gbé òmíì sí.

Ọ̀rọ̀ pé kó péye tóo sọ yẹn, mọ̀ pé sípíkà tó péye lè má dùn mọ́ ẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àwọn tí a ń lò ní pátí ti kún ìsàlẹ̀, wọ́n ti kún òkè, orin tó dáa, orin tí ò dáa, bákan náà ló ń dùn lórí wọn. Wo Yamaha NS-10. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní 1978, ilé ni wọ́n ṣe é fún, àwọn tó ń gbọ́ orin nílé ò fi bẹ́ẹ̀ gba tiẹ̀, àwọn stúdíò ló gbé e, ó sì wà lórí tábìlì mixing káàkiri ayé kí wọ́n tó jáwọ́ nínú ṣíṣe é ní 2001. Àpótí ẹ̀ dí pa, béèsì ẹ̀ tètè ń dákẹ́ tí kíìkì bá ti lù tán, àárín orin ló sì ń tì síwájú, níbi tí ohùn olórin àti gìtá wà, tí àléébù bá wà níbẹ̀ kò níbi sá sí. Wúfà funfun tí HS ní, ara ẹ̀ ni wọ́n ti wò ó. Má wá lọ wá NS-10 fúnra ẹ̀ rà ṣá, ó ti gbó, wàá tún wá amp tó máa gbé e.

Ti gbígbọ́ orin nílé, tó bá jẹ́ orí àga yẹn náà ni wàá ti máa gbọ́ ọ, HS5 tó o, wàá gbọ́ ohun tó ò gbọ́ rí nínú orin tóo ti mọ̀ látọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n tóo bá fẹ́ gbé e sí pálọ̀ kí gbogbo ilé máa jó, kò wà fún ìyẹn, ẹni tó jókòó nítòsí ni wọ́n ṣe é fún. Lálẹ́ tóo bá rẹ fólúùmù sílẹ̀, béèsì á dà bíi pé ó sá lọ, etí èèyàn ló rí bẹ́ẹ̀, Fletcher àti Munson, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, ti fi hàn láti 1933. Má torí ẹ̀ bu béèsì kún mix lóru.

Tó bá jẹ́ gbígbọ́ ló ṣe pàtàkì sí ẹ ju mixing lọ, wo JBL 305P MkII, ó ń lọ sísàlẹ̀ dé 43 Hz, tàbí ADAM T5V ti Jámánì, ribbon (awọ fẹ́lẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́) ni tuwítà ẹ̀, òkè orin lórí ẹ̀ mọ́ gan-an. Oníínṣì 5 náà ni méjèèjì. Fún ìlù àti ohùn èèyàn ṣá, HS5 ni mo fọwọ́ sí, torí àárín yẹn.

Tóo bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà kóo tó sanwó. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá lè jẹ́ 120V, iná tiwa jẹ́ 230, tóo bá kì í bọ iná báyìí ó ti jó nìyẹn. Ti ìlú òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì bá tiwa mu. Fi ọwọ́ rọra kan etí wúfà yíká bóyá ó ti ya. Ní kí wọ́n fi orin mono kan (èyí tó ń jáde bákan náà nínú sípíkà méjèèjì) sí i, ohùn olórin gbọ́dọ̀ dúró sáàárín méjèèjì gbọnin, tó bá ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀kan nínú wọn ti ní nǹkan, gbé owó ẹ lọ. Fi sitẹbiláísà sí i nílé, ínfátà náà kó jẹ́ pure sine wave (èyí tí iná ẹ̀ mọ́), èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí sípíkà kùn húúù. Láti interface, àpótí tó so kọ̀ǹpútà mọ́ sípíkà, ni kóo ti fa wáyà TRS tàbí XLR wá, má fà á láti ojú earpiece lára laptop. Mọ́nítọ̀ ni kóo tàn kẹ́yìn, òun ni kóo kọ́kọ́ pa, tí iná bá sì lọ, pa á kíá kí iná tó dé padà.

Sọ ibi tí ilẹ̀kùn àti fèrèsé wà nínú yàrá yẹn fún mi, àti ohun tí wọ́n fi ṣe àjà ẹ̀, kí n lè sọ ògiri tí tábìlì máa kọjú sí fún ẹ kóo tó pe kápẹ́ńtà.