Akàn, adìyẹ díndín àti tábìlì ọlọ́tí: kí ni ká jẹ létí òkun?

ÌBÉÈRÈ: As-salāmu alaykum, Àáfà wa. Òkè-Fìà, Òṣogbo níbí, ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Nígbà tí àwọn ọmọ gba ìsinmi iléèwé, èmi àti bàbá wọn kó wọn lọ sí Badagry, àbúrò ọkọ mi sì bá wa lọ. A wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Gberefu, àwọn ọmọ rí òkun, inú wa dùn. Nígbà tí ebi dé, a yà sí ilé oúnjẹ kan létí omi. Mo ra akàn àti edé fún àwọn ọmọ. Àbúrò ọkọ mi ní hàráàmù ni akàn torí pé ó ń gbé inú omi, ó sì tún ń rìn lórí ilẹ̀. Adìyẹ díndín ni òun ra ní tirẹ̀. Àwọn kan tún wá jókòó ti tábìlì wa, wọ́n ń mu ògógóró. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Ṣé hàráàmù ni mo fún àwọn ọmọ mi jẹ? Báwo la ó sì ṣe máa ṣe bí a bá tún lọ?

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu s-salām wa rahmatullāhi wa barakātuh, arábìnrin mi. Ẹ fọkàn balẹ̀. Hàláàlì pọ́ńbélé lẹ fún àwọn ọmọ yín jẹ. Adìyẹ yẹn àti tábìlì yẹn ló yẹ kí ìbẹ̀rù yín lọ sí, kì í ṣe akàn.

Ọlọ́hun sọ nínú Súrà Al-Mā'idah, āyah 96, pé Òun ṣe ohun tí a bá dẹ nínú òkun àti oúnjẹ inú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ fún wa, kó lè jẹ́ ìgbádùn fún àwa àti fún àwọn onírìnàjò. Wọ́n bi Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bóyá a lè fi omi òkun ṣe àlùwàlá. Ó ní omi rẹ̀ mọ́, òkú inú rẹ̀ sì jẹ́ hàláàlì. Jabir, ọ̀kan nínú àwọn sáhábé, ìyẹn àwọn tó bá Ànábì rìn, sọ ìtàn ìrìnàjò kan tí àwọn 300 lọ, tí Abu Ubaydah ṣáájú wọn. Ebi pa wọ́n débi pé ewé igi ni wọ́n ń jẹ. Ibẹ̀ ni òkun ti gbé ẹja kan tó tóbi bí òkìtì sí èbúté fún wọn, wọ́n sì jẹ ẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé Madīnah tí wọ́n rò ó fún Ànábì, ó ní oúnjẹ tí Ọlọ́hun mú jáde fún yín ni. Ó bèèrè bóyá ó kù lọ́wọ́ wọn, wọ́n fún un, ó sì jẹ nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dúḿbú ẹja náà.

Àbúrò ọkọ yín kò dá ọ̀rọ̀ náà sọ láti inú ara rẹ̀ o, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tó gbajúmọ̀ lójú ọ̀nà Imam Shafi'i, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ òfin ẹ̀sìn wa, ni pé akàn kò ṣeé jẹ nítorí ibùgbé méjì tó ní. Lójú ọ̀nà Imam Abu Hanifah, ẹja nìkan ni a lè jẹ nínú ohun inú omi. Ó lè jẹ́ pé inú wáàsí kan lórí fóònù ló ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà Imam Malik ni àwọn àáfà ilẹ̀ Yorùbá fi tọ́ wa, àwọn onímọ̀ ọ̀nà yìí sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹran omi ò yéé jẹ́ ẹran omi, bó ti wù kó pẹ́ tó lórí ilẹ̀. Akàn, edé, alákàṣà, ìṣáwùrú, ẹ jẹ ẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbà á lè fi í sílẹ̀, kó má ṣáà pe àwo ẹlòmíràn ní hàráàmù.

Ìgbín tí wọ́n fi igi gún, tí wọ́n ń gbé kiri níbẹ̀, yàtọ̀ díẹ̀, torí ẹran ilẹ̀ ni. Wọ́n bi Imam Malik nípa ohun tó jọ ọ́, ó ní èyí tí a bá mú láàyè, tí a sì sè tàbí tí a sun, kò burú, ṣùgbọ́n èyí tí a bá bá ní òkú, ẹ má jẹ ẹ́. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ààyè ló ra á.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí adìyẹ. Badagry ni àwọn míṣọ́nnárì gúnlẹ̀ sí ní 1842, Kristẹni pọ̀ níbẹ̀, Mùsùlùmí pọ̀ níbẹ̀, àwọn olórìṣà náà sì wà. Ẹ kò lè fi ojú ọjà Òṣogbo wo ibẹ̀, níbi tí ẹ ti mọ alápatà yín, tí ẹ mọ mọ́ṣáláṣí tó ń kírun sí. Èyí tí Mùsùlùmí tàbí Kristẹni bá dúḿbú lọ́nà tó tọ́, tí kò fi orúkọ òrìṣà pa á, hàláàlì ni, āyah 5 nínú Súrà Al-Mā'idah kan náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n bá lọ́ lọ́rùn pa, òkú ẹran ni, ẹni yòówù kó lọ́ ọ. Èyí tí olórìṣà bá pa kò tọ́ sí wa. Adìyẹ inú yìnyín tí wọ́n ń kó gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé ńkọ́? Ta ló mọ ọwọ́ tó pa á? Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wà létí omi, ẹja tútù wà níwájú yín, kí lẹ fẹ́ fi adìyẹ tí ẹ kò mọ orírun rẹ̀ ṣe?

Àwọn kan máa ń fi hàdíìsì (ìròyìn ọ̀rọ̀ Ànábì) tí Aisha, ìyàwó rẹ̀, sọ gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, èyí tí àwọn èèyàn ti sọ pé ẹran ń dé ọ̀dọ̀ àwọn, àwọn kò mọ̀ bóyá wọ́n dá orúkọ Ọlọ́hun lé e, tí Ànábì sì ní kí wọ́n fúnra wọn ṣe Bísímílláì, kí wọ́n jẹ ẹ́. Òótọ́ ni, Bukhari, àgbà tó kó hàdíìsì jọ, gbà á wá. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni àwọn tó ń gbé ẹran yẹn wá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀sìn ni. Bísímílláì kì í sọ òkú ẹran di hàláàlì.

Ẹ tún wo agbada epo tó wà lórí iná. Ẹja wọ ibẹ̀, adìyẹ wọ ibẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ bá sì dé, ó lè jẹ́ epo kan náà ni wọ́n máa sọ ọ́ sí, ṣíbí kan náà ni wọ́n á fi kó o jáde. Ẹ bi wọ́n tẹ̀ríntẹ̀rín: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ máa ń din ẹlẹ́dẹ̀ nínú epo yìí?” Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ gbà á, ẹ má tún wádìí kiri. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ní kí wọ́n wé ẹja yín sínú fọ́ìlì, kí wọ́n sun ún lórí ẹyín iná.

Ní ti ọlọ́tí, Ànábì sọ pé ẹni tó bá gba Ọlọ́hun àti Ọjọ́ Ìkẹyìn gbọ́ kò gbọ́dọ̀ jókòó sídìí oúnjẹ tí wọ́n ti ń gbé ọtí yí ká. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jókòó, mo mọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ìgò ti dórí tábìlì, ó yẹ kí ẹ dìde. Ilé oúnjẹ tí kò ta ọtí ṣọ̀wọ́n létí òkun, n kò sì ní kí ebi pa àwọn ọmọ. Ẹ gba oúnjẹ yín sínú ike, ẹ tẹ́ ẹní sábẹ́ igi àgbọn, kí ẹ jẹun níbẹ̀. Ojú àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀ yẹn ló jẹ mí lógún jù.

Ẹ kò bi mí nípa ìrun, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé láti Òṣogbo dé Badagry ju ibi tí kásárù, ìyẹn dídín ìrun kù fún onírìnàjò, ti bẹ̀rẹ̀ lọ fíìfíì. Ráká méjì-méjì ni Àílà, Aláásárì àti Ìṣáì, àyàfi bí ẹ bá ti pinnu láti lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti gbé oúnjẹ ká iwájú, tí ebi ń pa yín, tí àkókò ìrun kò tíì fẹ́ lọ, ẹ jẹun tán ná.

Àbúrò ọkọ yín tó ti jẹ adìyẹ náà kò ní ohunkóhun láti san padà. Kò mọ̀, ẹ̀yin náà kò sì lè fi ìdánilójú sọ pé òkú ẹran ni. Kó tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, kó máa bèèrè lọ́jọ́ mìíràn. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.