Èsì: Jíà ẹ̀yìn sítíárìn fún ọkọ̀ oní-ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè ṣe jíà tí wọ́n ń fi ìka fà lẹ́yìn sítíárìn sí ọkọ̀ kékeré yín tó ń lo ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà, láìná owó ńlá. Ó ṣeé ṣe dáadáa.

Jíà ọ̀kadà ò le bíi ti mọ́tò: lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà, ìsàlẹ̀ ni 1, òkè ni ìyókù, fíríì (ibi tí jíà kankan ò ti wọlé) wà láàárín 1 àti 2. Wáyà kílọ́ọ̀ṣì méjì ni kí ẹ so mọ́ apá jíà náà, ìyẹn irin tí wọ́n máa ń fi ẹsẹ̀ yí jíà. Méjì ni o, torí wáyà lè fà, kò lè tì. Ọ̀kan á fà á sókè, èkejì á fà á sísàlẹ̀. Sípíríǹgì inú ẹ́ńjìnnì á dá a padà. Tó bá le jù lọ́wọ́, ẹ fi irin fa apá jíà náà gùn díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ìka yín á fà jìnnà sí i.

Àṣìṣe tèmi níbí l'Àkúrẹ́: mo jó ọwọ́ fífà náà mọ́ sítíárìn gan-an. Bí mo ṣe yí kọ́nà báyìí, wáyà lọ́, jíà sì wọlé fúnra rẹ̀. Ọkàn mi fò! Ara ibi tí kì í yí ni kí wẹ́dà yín jó o mọ́.

Ẹ má tíì ra ẹ̀rọ oníná tàbí aláfẹ́fẹ́ tó ń yí jíà. Ẹ fi kílọ́ọ̀ṣì ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún gbígbéra àti dídúró. Ribáàsì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà ò ní in, àfi kí ẹ máa bọ́ọ́lẹ̀ tì í.