Kí Ló Dé Tí Gèlè àti Léèsì Kò Bára Mu Mọ́ Lójú Oòrùn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mo ń tà ní Ọjà Ayétòrò, ní Ẹ̀pẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, oníbàárà mi kan yan léèsì elése àlùkò àti gèlè tó bá a mu rẹ́gí lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù mi. Nígbà tó dé òde ìnáwó lọ́sàn-án, gèlè ń fà sí pupa, léèsì sì wà bó ṣe wà. Ó ní mo pààrọ̀ gèlè fún òun, bẹ́ẹ̀ n kò dán irú rẹ̀ wò rí. Kí ló fà á? (Aláṣọ, Ẹ̀pẹ́)

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kò pààrọ̀ gèlè, oníbàárà yín náà kò sì purọ́ mọ́ yín. Ohun tí ojú ń pè ní àwọ̀ kì í ṣe ti aṣọ nìkan. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ lé aṣọ, aró inú aṣọ náà a gbé apá kan mì, a sì dá ìyókù padà sójú wa. Kò sì sí aró tó lè dá ohun tí iná kò fún un padà.

Gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè ló wà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Gílóòbù àtijọ́, tí wáyà tungsten inú rẹ̀ ń gbóná títí tó fi ń tàn, ní pupa púpọ̀, búlúù rẹ̀ ni kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n LED funfun tó gba ìgboro lónìí, iná búlúù gan-an ló wà nínú rẹ̀, ìyẹ̀fun kan tí wọ́n fi bò ó lójú ló ń sọ díẹ̀ nínú búlúù náà di yẹ́lò, àpapọ̀ méjèèjì la sì ń rí bíi funfun. Bí ẹ bá wo LED tí wọn kò tíì tàn, tí ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹ ó rí àmì yẹ́lò kéékèèké náà. Nínú èyí tí kò wọ́n, pupa tó jinlẹ̀ kì í tó.

Ojú wa kì í sì í ka àwọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ ló ń mọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ̀rún náírà ṣe jẹ́ ẹgbẹ̀rún, ì báà jẹ́ ₦500 méjì tàbí ₦200 márùn-ún. Aró gèlè yàtọ̀ sí ti léèsì, àmọ́ lábẹ́ iná yín, àpapọ̀ wọn dọ́gba. Oòrùn wá mú pupa tó jinlẹ̀ dé, ó sì jọ pé aró gèlè nìkan ló dá a padà.

Nítorí náà, kí ẹ tó gba owó, ẹ gbé aṣọ méjèèjì dé ẹnu ọ̀nà, síbi òjìji, kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó bá jẹ́ alẹ́ ni oníbàárà dé, gílóòbù tí wọ́n kọ CRI (ìyẹn òṣùwọ̀n bí iná ṣe ń fi àwọ̀ hàn dáadáa tó) 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sára páálí rẹ̀ ni kí ẹ fi sí ṣọ́ọ̀bù, nítorí 100 ni wọ́n ka ti oòrùn sí.