Kọ́ńbì Àtijọ́ Tó Ń Gbóná Bó Bá Ń Gun Òkè

Ìbéèrè: Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí nílùú Oǹdó. Bàbá mi fi bọ́ọ̀sì Volkswagen Kọ́ńbì ọdún 1974 sílẹ̀ fún mi, èyí tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù àti sítóòfù gáàsì sínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnì 1600 ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń ṣe dáadáa láàárín ìlú, ṣùgbọ́n bí mo bá kọrí sí Ìdánrè, kì í pẹ́ tí yóò fi gbóná, tí agbára rẹ̀ yóò sì lọ sílẹ̀. Òórùn epo bẹntiróòlù náà tún máa ń wọ inú ọkọ̀. Mẹkáníìkì kan ní kí n yọ ẹ́ńjìnì náà, kí n fi ti Toyota rọ́pò rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kò sí ohun tí mo lè fọwọ́ ara mi ṣe nílé kí n tó náwó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ogún, ẹ má sì tíì yọ ẹ́ńjìnì náà. Ọ̀pọ̀ Kọ́ńbì tí wọ́n ń wọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa l'Ákùúrẹ́ pé ooru ti pa ẹ́ńjìnì wọn, atẹ́gùn ni kò dé ibi tó yẹ kó dé. Ẹ́ńjìnì gan-an kò ṣẹ̀. Iṣẹ́ tí yóò dá atẹ́gùn náà padà sípò, ẹni tó bá ní sípánà, sukúrúdíráfà àti sùúrù lè ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lábẹ́ ibòji igi nínú ọgbà rẹ̀.

Òórùn epo ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀, kí ẹ tó tún ṣíná sí ọkọ̀ náà rárá. Táǹkì epo Kọ́ńbì wà lókè àpótí gíà, níwájú ẹ́ńjìnì gan-an. Họ́ọ̀sì kékeré ló ń gba epo láti ibẹ̀ wá sí pọ́ǹpù, òmíràn ń gbé e láti pọ́ǹpù lọ sí kabúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn, dísítíríbútọ̀ tó ń pín iná sì wà nítòsí wọn. Báyìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ṣe jóná, táwọn èèyàn á sì máa sọ pé ọwọ́ ayé ni. Họ́ọ̀sì àtijọ́ ní aṣọ híhun lára, aṣọ yìí kì í sì í jẹ́ kéèyàn rí i pé rọ́bà inú rẹ̀ ti là. Ẹ tẹ̀ ẹ́ láàárín àtàǹpàkò àti ìka: bó bá le gbagidi, tàbí tí ọwọ́ yín bá ń rùn epo lẹ́yìn tí ẹ dì í mú, ẹ yọ ọ́ dànù. Ẹ tú bátìrì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ gbogbo họ́ọ̀sì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, títí kan èyí tó kúrú lábẹ́ táǹkì tí ojú kì í tètè rí, kí ẹ sì fi kílíìpù tuntun dè wọ́n. Ọ̀pá idẹ kékeré tí epo ń gbà wọ kabúrétọ̀ náà máa ń yọ fúnra rẹ̀ bó bá ti gbó, ẹ fọwọ́ mì í wò. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti so fílítà epo oníke sókè dísítíríbútọ̀, ẹ gbé e lọ sábẹ́ táǹkì.

Ó wá ku ooru. Ẹ́ńjìnì yìí kò ní rédíétọ̀, kò sì lo omi. Fáànù ńlá kan tó so mọ́ dáínámò ló ń fa atẹ́gùn láti inú àwọn ihò tó wà lára bọ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì lẹ́yìn, tó ń fẹ́ ẹ sórí sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí epo ti ń jó, tí ooru rẹ̀ sì ń jáde sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Páànù pẹlẹbẹ tó yí ẹ́ńjìnì ká, àti rọ́bà gígùn tó dí àlàfo láàárín páànù náà àti bọ́dì, ló ya atẹ́gùn tútù tó wà lókè sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó gbóná nísàlẹ̀. Àwọn kan a máa yọ páànù wọ̀nyí dànù, wọ́n á ní kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé. Òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀: fáànù á máa fa ooru tó ti lé jáde padà wọlé, bí ẹni tó ń fẹ́ná tí èéfín ń padà sí i lójú. Ẹ ṣí ìdérí ẹ́ńjìnì lójú ọ̀sán, kí ẹ wò ó yíká; ibikíbi tí ẹ bá ti rí ilẹ̀ láti òkè, ibẹ̀ ni ooru ń gbà padà. Bí rọ́bà yẹn kò bá sí nítòsí, ẹ rán ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa lọ sí ọjà Ládìpọ̀ l'Ékòó. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ilé fáànù pẹ̀lú, nítorí eku a máa kọ́lé síbẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti dúró pẹ́, àkísà tí wọ́n gbàgbé a sì máa há sẹ́nu rẹ̀.

Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí fáànù àti dáínámò. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín, kó wọlé tó nǹkan bíi mìlímítà 15. Bó bá rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń yọ̀ nìyẹn. Wáṣà pẹlẹbẹ tó wà láàárín pọ́lì dáínámò ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan, bẹ́líìtì á le. Ẹ to èyí tí ẹ yọ síta pọ́lì náà kí ẹ tó dá nọ́ọ̀tì padà, kó má baà sọnù. Nítorí pé bẹ́líìtì kan náà ló ń yí méjèèjì, iná pupa tó ń sọ pé dáínámò kò ṣiṣẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ bátìrì lásán nínú Kọ́ńbì. Bó bá tàn lójú ọ̀nà, ó lè jẹ́ pé bẹ́líìtì ti já, kí ẹ pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ àárín igbó ni ẹ wà.

Tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn sukúrúù tó ń ti fáàfù (ìlẹ̀kùn kékeré sílíńdà) láti ṣí i, ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Fáàfù tó ń tú èéfín jáde máa ń gbóná gidigidi, ìgbà tó bá jókòó dáadáa sí ìdí rẹ̀ ló sì ń rí ibi tú ooru náà sí. Bí tápẹ́ẹ̀tì kò bá ní àlàfo mọ́, fáàfù kò ní lè pa dé tán; agbára á lọ sílẹ̀, etí fáàfù á sì jó. Àlàfo ti ẹ́ńjìnì 1600 jẹ́ mìlímítà 0.15, òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnì ti sùn mọ́jú ni kí ẹ sì wọ̀n ọ́n. Ẹ ṣí ìdérí dísítíríbútọ̀, kí ẹ yí pọ́lì ìsàlẹ̀ tí bẹ́líìtì ń gbà kọjá títí àmì ara rẹ̀ yóò fi bá ojú ibi tí ìdajì méjì ẹ́ńjìnì ti pàdé mu, tí rótọ̀, apá kékeré tó ń yí nínú dísítíríbútọ̀, yóò sì kọjú sí ìlà kékeré tó wà létí dísítíríbútọ̀. Sílíńdà kìn-ín-ní ti ṣe tán nìyẹn, lápá ọ̀tún níwájú. Ẹ fi sukúrúdíráfà ti irin tó di ìdérí fáàfù mú sí ìsàlẹ̀, kí ẹ gbé abọ́ sábẹ́ ọ́ìlì tí yóò kán, kí ẹ wá ki géèjì pẹlẹbẹ tó nípọn tó àlàfo yẹn bọ àárín sukúrúù àti orí fáàfù. Bó bá kọjá fẹ́rẹ́, ó fẹ̀ jù. Bí kò bá wọlé, ó há. Ó gbọ́dọ̀ máa wọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ yín bí ẹ bá ń fà á jáde. Ẹ di sukúrúù mú gírígírí nígbà tí ẹ bá ń fún nọ́ọ̀tì rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àlàfo ti máa ń yí padà mọ́ni lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yí pọ́lì ìsàlẹ̀ ní ìdajì òbíríkítí, lódì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, kí ẹ ṣe sílíńdà kejì, lẹ́yìn náà ìkẹta, lẹ́yìn náà ìkẹrin.

Ẹ kọ ohun tí ẹ bá bá níbẹ̀ sínú ìwé, pàápàá ti sílíńdà kẹta, lápá òsì níwájú. Nínú ẹ́ńjìnì tó ṣáájú ọdún 1971, ọ́ìlì kúlà tó ń mú ọ́ìlì tutù dí atẹ́gùn tó ń lọ síbẹ̀. Ti ọdún 1974 kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹnì kan bá ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì náà láìsọ fún bàbá yín, èyí tó wọ́pọ̀. Bí àlàfo fáàfù kan bá ń dín kù ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wọ̀n ọ́n, fáàfù náà ń nà tàbí ìdí rẹ̀ ń jẹ. Ẹ má gbé ọkọ̀ náà rìnnà jíjìn mọ́.

Ọ́ìlì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: lítà 2.5, irú 20W-50, kí ẹ máa yí i ní kílómítà 5,000 kọ̀ọ̀kan, nítorí asẹ́ onírin kan péré ló wà nísàlẹ̀ tí ẹ ó máa yọ fọ̀, kò sí fílítà mìíràn.

Bí ẹ bá sì ń gun òkè Ìdánrè, ẹ má ṣe fi gíà kẹrin fipá gùn ún. Ẹ bọ́ sí ìkẹta tàbí ìkejì ní kùtùkùtù, kí ẹ́ńjìnì máa sáré, nítorí bó ṣe ń sáré ni fáànù ṣe ń fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní iná táímíǹgì bá yín wo táímíǹgì, ìyẹn àsìkò tí iná ń ta nínú sílíńdà, nítorí èyí tó bá ṣáájú jù a máa fa ooru, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ irú dísítíríbútọ̀ tó wà níbẹ̀. Bíréèkì àti jíjó irin tó ti dógùn-ún kì í ṣe iṣẹ́ abẹ́ igi. Ní ti sítóòfù, gáàsì wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló ń lọ bó bá ń jò, nítorí náà kí àpótí tí sílíńdà gáàsì wà nínú rẹ̀ ní ihò nísàlẹ̀ tó já síta ọkọ̀.

Ẹ́ńjìnì Toyota ń ṣiṣẹ́ o, mi ò sọ pé kò dára. Àmọ́ ó fẹ́ rédíétọ̀, páìpù omi gígùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, àti bọ́dì tí wọ́n máa gé, lára ọkọ̀ tí ohun tó ń ṣe é lè má ju rọ́bà àti tápẹ́ẹ̀tì lọ. Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tán tó sì tún gbóná, kí wọ́n wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí sílíńdà ṣe ń fún atẹ́gùn pọ̀ tó, fún sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ìwé tápẹ́ẹ̀tì yẹn. Láti ibẹ̀ la ó ti mọ̀ bóyá orí sílíńdà kan ni yóò sọ̀ kalẹ̀ tàbí gbogbo ẹ́ńjìnì.